Àwọn Bíríkìlà Tó Ń Kọbè ní Ìkọ̀lé

Àkùkọ kò tíì kọ ní Sátidé náà tí mo ti dé gáréèjì n'Íbàdàn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó, fẹ́ kọ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì yóò máa háyà sórí ilẹ̀ bàbá wa ní Ìkọ̀lé. Màmá Fẹ́mi, àbúrò bàbá wa, ló sì ń gbin iṣu síbẹ̀ láti kékeré wa. Èmi ni kí n lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi oko sílẹ̀.

A gba Ifẹ̀, a gba Iléṣà. Ní Ìfàkì, owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta n'Íbàdàn ló fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo pín kárí ọkọ̀. Nígbà tí a kọjá Ọ̀yẹ́, mi ò mọ ọ̀nà mọ́. Ibi tí mo mọ̀ sí oko ẹ̀gẹ́ ti di ilé alájà méjì-méjì.

Awakọ̀ wa, ọmọ Ùsì, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ulé ti lé oko wa jìnnà, Àǹtí. Tẹ́lẹ̀, mo lè wà lóko kí n gbọ́ bí ìyàwó mi ṣe ń pè mí wá jẹun. Ní báyìí, ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ."

Ilé ti yí oko Màmá ká lọ́nà mẹ́ta nígbà tí mo débẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí sìmẹ́ńtì gbẹ mọ́ ṣòkòtò wọn ń kọbè, Màmá sì di ìbàdí mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà tó ń kọ́ ilé ẹ̀gbẹ́ oko ni wọ́n. Wọ́n ti ta okùn láti ìkangun dé ìkangun, ebè sì tò tààrà bíi búlọ́ọ̀kù.

"Ọ̀gá, uṣu ni mo fẹ́ gbìn," ni Màmá wí, "mi ò ní kí ẹ kọ́ uyàrá fún un!"

Ọ̀gá wọn dáhùn pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí uṣu yín náà gbé fúláàtì!"

Màmá ṣàlàyé fún mi pé àwọn tí àwọn jọ ń ṣe àáró, tí wọ́n máa ń bá ara wọn dáko ní tèmi-tìrẹ, àwọn kan nínú wọn ti ta ilẹ̀, àwọn yòókù sì ti kó lọ sápá Odò-Orò. "Ni mo bá bá àwọn wọ̀nyí ṣe é. Mò ń se oúnjẹ wọn nídìí uṣẹ́, wọ́n ń kọbè mi ní Sátidé."

A jẹ iyán tán kí n tó lè jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ẹ̀rín kúrò lójú Màmá. Wọ́n wo ebè, wọ́n bi mí pé:

"Ọmọ mi, kí lorúkọ ìlú wa?"

"Ìkọ̀lé, Mà."

"Ẹ̀yin ní kí á kọ́ ulé. Ìlú ní kí á kọ̀ ọ́. Ti ìlú ni mo gbọ́."

Ẹ̀rín pa mí. Àwọn onímọ̀ lè ní ìtumọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá Màmá jiyàn? Mo pe Bọ̀dá Délé, mo sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ó dáa," ló wí. "Kí wọ́n máa kọbè wọn. Àmọ́ kí iṣu tèmi ó má pẹ́ o!" Inú mi dùn débi pé mo kọrin.

Oko ń jìnnà sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lápá ibẹ̀, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹni tó ń kọ́lé náà lè kọbè, bí wọ́n bá pè é. Nígbà tí mo wọlé n'Íbàdàn, ọkọ mi rí i tí àtẹ́lẹwọ́ mi lé ròrò, ó béèrè ohun tí mo lọ ṣe. Mo ní wọ́n rán mi pé kí n lọ gba ọkọ́ lọ́wọ́ àgbà. Mo gbà á lóòótọ́, mo sì fi bá wọn kọbè.