Táìlì Wíwọ́ Inú Balùwẹ̀

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni. Iṣẹ́ táìlì ló ṣe jẹun, ọdún mẹ́rìnlélógójì ló sì fi kúnlẹ̀ nídìí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, táìlì kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ orúnkún ni. Ọwọ́ á gbé e, ojú á wò ó, orúnkún á jìyà rẹ̀. Nígbà tí ọ̀tún kọ̀ tí kò ká mọ́, tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, dókítà ní àfi kí àwọn ṣí i, kí àwọn yọ egungun tó ti jẹ, kí àwọn fi irin dípò rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá fún un.

Iṣẹ́ abẹ kò bà á lẹ́rù. Ibi tí yóò sùn sí lẹ́yìn rẹ̀ ló bà á lẹ́rù.

Nọ́ọ̀sì kan ti fún un ní ìwé ojú méjì, ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílé kí aláìsàn tó padà síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gba ìwé náà kíá, torí ó mọ̀ pé bí òun bá fi í sílẹ̀, bàbá òun á fi nu ọwọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Àjà kẹta ilé gogoro kan ló ń gbé, òun, ọkọ, ọmọ mẹ́rin àti ajá kan. Ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ láìfepo bọyọ̀: bí ohun inú ìwé kò bá pé títí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀dọ̀ òun ni wọn yóò gbé e lọ láti ilé ìwòsàn. Oṣù mẹ́ta.

"Àjà kẹta?" ni bàbá wí. "Pẹ̀lú orúnkún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe? Ṣé ẹ ó fi okùn fà mí gba ojú fèrèsé ni?"

"Ọkọ mi á gbé yín."

"Ọkọ rẹ tí kò lè gbé àgbá gáàsì."

Kì í ṣe àtẹ̀gùn ló kó o láyà jẹ. Ọdún méjìdínlógójì ló ti ń sùn nínú ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ kú sí, ọdún kẹfà nìyí. Ó sì mọ bó ṣe máa ń rí. Oṣù mẹ́ta á di mẹ́fà, mẹ́fà á di "Bàbá, kí lẹ tún fẹ́ padà lọ ṣe níbẹ̀?" Ó ti rí i lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ta ilé, wọ́n á sì fi bàbá sí yàrá ọmọdé, bọ́ọ̀lù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nítorí náà kò jiyàn mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ ń ka ìwé, bàbá ń fi pẹ́ńsù tó máa ń há sétí fa ìlà sí i.

"Bẹ́ẹ̀dì sí pálọ̀?"

Ó wà ńbẹ̀. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló bá wọn gbé e lánàá, ó sì mí bí ẹṣin títí ó fi lọ.

"Kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀?"

Ó ti ká, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Àga tó ní apá, tí kò rẹlẹ̀?"

Àga wà, àmọ́ ó rẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá ti gé pákó mẹ́rin, ó ti fi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ga. Ó jókòó sí i wò, ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kanlẹ̀. Ó ní òun dà bí adájọ́ tí kò rí ẹni dá lẹ́jọ́.

Wọ́n bọ́ sí ilé ìdáná. Ìwé ní aláìsàn kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ nà. Ohun tó wà nísàlẹ̀ gòkè, èyí tó wà lókè sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn pàdé ní ìgbáròkó: ìkòkò kan, ife méjì, iyọ̀, ṣúgà, kẹ́tùlù. Nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù pátápátá, ọmọ rẹ̀ fa búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ kan jáde, irun rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Kí lẹ ń fi èyí ṣe, Bàbá?"

"Ti ìyá rẹ ni. Dá a padà."

Kò dá a padà. Ó gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀.

Nínú fíríìjì, àpò yìnyín mẹ́rin wà fún orúnkún, ike oúnjẹ méjìlá sì wà, ọmọ rẹ̀ ti kọ ọjọ́ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ẹ̀wà."

"Méjèèjìlá?"

"Ó dára fún ara yín."

"Ìyá mi, ṣé orúnkún ni wọ́n fẹ́ tún ṣe ni, àbí wọ́n fẹ́ fi afẹ́fẹ́ gbé mi fò?"

Ìwé tún ní, ẹni tó bá ń fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti há, kó wá nǹkan alápò so mọ́ra. Ọmọ fẹ́ lọ ra báàgì. Bàbá wọ yàrá ẹ̀yìn, ó mú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí, alápò mẹ́rin, símẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ etí rẹ̀. Fóònù wọ àpò kan, oògùn wọ ìkejì, awò ojú wọ ìkẹta. Ó so ó, ó bá a mu bí ti àná. Orí ìṣó tó ti mú aṣọ náà ni tìmùtìmù tó máa ń so mọ́ orúnkún níbi iṣẹ́ kọ́ sí. Ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn iṣẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lò ó. Ó pẹ́ kó tó gbọ́n.

Ó ku ìlà kan. Ọmọ kà á, ó tún un kà: irin ìdìmú lára ògiri balùwẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìgbọ̀nsẹ̀, tí ó lè gbé odindi ènìyàn.

Bàbá ki pẹ́ńsù bọ etí. "Ìyẹn kò sí."

"Mo mọ̀. Mo ti ra irin náà. Mo sì ti ní kí Ọwọ́-Òsì, ọmọ iṣẹ́ yín àtijọ́, wá lu ògiri."

"Ta ló ní kí o pè é?"

"Ìwé ni."

Ọ̀rọ̀ ògiri yẹn rèé. Ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn, bàbá parí iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan, táìlì díẹ̀ sì ṣẹ́kù, àwọ̀ ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti kógbá sílé tipẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kó máa kó o lọ. Ó fi kẹ̀kẹ́ kó o, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló lọ tó bọ̀. Táìlì tó, símẹ́ńtì ni kò tó. Ó ta ọgbọ́n sí i: ó ń fi díẹ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, díẹ̀ sí àárín, kó lè kárí. Ìyàwó rẹ̀ lóyún ọmọ yìí nígbà náà. Ó gbé tíì wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀gá onítáìlì, jẹ́ kí n lẹ ọ̀kan."

Ó fún un ní ọ̀kan. Obìnrin náà bu símẹ́ńtì bí ẹni ń bu oúnjẹ fún àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó yọ imú síta ju àwọn yòókù lọ, ó sì wọ́.

Ọkùnrin yìí kì í gba wíwọ́. Bí táìlì kan bá fi ìbú irun yà, á ní kí ọmọ iṣẹ́ yọ odindi ògiri. Ó nawọ́ kó fà á yọ kó tó gbẹ.

"Fà á yọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Láti òní lọ, ìwọ ni wàá máa dáná."

Ó fi í sílẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, obìnrin náà á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ojú ìlà àwọn táìlì náà, á sì pariwo láti inú balùwẹ̀: "Iṣẹ́ mi ṣì wà ńbẹ̀ o! Tìrẹ ni yóò kọ́kọ́ jábọ́!" Ọkọ á ní, "Obìnrin, jẹ́ n gbádùn." Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi sọ ọ́. Bí wọn kò bá tíì sọ ọ́, ọjọ́ Àbámẹ́ta kò tíì dé.

Ọwọ́-Òsì dé lọ́sàn-án. Lábẹ́ bàbá ló ti kọ́ṣẹ́, ògiri mẹ́ta ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ yọ kó tó mọ̀ ọ́n. Ó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún báyìí, ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́jọ, ikùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Ọ̀gá mi, ẹ kú ilé o. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ di ẹlẹ́sẹ̀ irin."

"Ikùn rẹ ni kí wọ́n bá ọ fi irin dè."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, èmi náà ti dàgbà."

"Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà..."

"Kò lè lákìísà bí àgbà. Mo rí èyí tí ẹ so mọ́ ìdí yẹn."

Ọmọ bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Àmọ́ nígbà tí Ọwọ́-Òsì gbé irin náà sí ara ògiri, ẹ̀rín tán. Ìdí kan irin náà yóò wà lókè, lára ògiri lásán, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ìdí kejì gbọ́dọ̀ wọ táìlì, ó sì bọ́ sórí èyí tó wọ́ gan-an.

"Má fọwọ́ kan ìyẹn," ni bàbá wí. "Sún un sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́."

Ọwọ́-Òsì gbé irin sílẹ̀. Ó fi oríkèé ìka rẹ̀ kan táìlì ẹ̀gbẹ́. Onítáìlì kì í lu ihò láìkọ́kọ́ kàn án. Èyí tí símẹ́ńtì kún ẹ̀yìn rẹ̀ á dún kì. Èyí tó ní òfìfo lẹ́yìn á dún bí igbá, bí a bá sì lù ú, á fọ́, tàbí kí sùkúrù máa jó nínú rẹ̀. Ó kan ti ọ̀tún: igbá. Ó kan ti òsì: igbá. Ó kan ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ó wá ń wo ilẹ̀.

"Kí lo gbọ́?"

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, Ọ̀gá."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ rọ̀, "bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ ká lọ kó aṣọ yín. Kì í ṣe ìjà."

Bàbá sún mọ́ ògiri. Ó kan àwọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ ní igun mẹ́rin, díẹ̀ ní àárín. Ọ̀rinrin ti jẹ ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ó kan èyí tó wọ́.

Kì. Bí ẹni kan òkúta.

Ó tún un kàn. Kì.

Ó dúró tì í pẹ́. Ọmọ rẹ̀ rò pé orúnkún ló ń dùn ún.

"Ó ní tèmi ni yóò kọ́kọ́ jábọ́," ni ó wí.

Ọwọ́-Òsì gbé dírílì sílẹ̀. "Ọ̀gá, mi ò lè lu ìyẹn o. Bó bá fọ́ lọ́wọ́ mi, kò sí irú rẹ̀ mọ́ láyé. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò yín?"

"Ta ló ní kí o lù ú? Gbé e wá."

Àga ìwẹ̀ tuntun wà ńbẹ̀, ó wà nínú ìwé. Bàbá jókòó lé e. Ó lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojú táìlì kí dírílì má bàa yọ̀, ó mú pẹ́ńsù létí, ó fi àmì mẹ́ta sí i. Ọwọ́-Òsì ń kán omi sí i díẹ̀díẹ̀, bíi ti ayé ìgbà tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ jáde, eérú símẹ́ńtì tẹ̀lé e. Eérú náà kò tán bọ̀rọ̀. Obìnrin yẹn bu símẹ́ńtì!

Ihò kìn-ín-ní. Ihò kejì. Ní ìkẹta, nǹkan dún: kẹ́. Gbogbo wọn dúró. Bàbá ṣí sẹ́lótéèpù. Ìlà tín-ín-rín kan wà ní igun, kò ju èékánná lọ. Wọ́n wò ó. Kò lọ síwájú.

Sùkúrù wọlé lókè àti nísàlẹ̀, ó há gan-in. Bàbá di irin náà mú, ó fi gbogbo ara fà á, ó sì dìde lórí àga. Ọdún kan gbáko nìyí tí kò tíì dìde láìkọ́kọ́ bẹ orúnkún. Irin kò mì.

"Ẹ jẹ́ kí Ọwọ́-Òsì náà fà á," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Bó bá gbé ikùn yẹn, kò sí ohun tí kò lè gbé."

Ọwọ́-Òsì fà á. Kò mì. Ó sún sẹ́yìn, ó dijú kan, ó wò ó.

"Ọ̀gá, ó wọ́ díẹ̀ o. Ṣé kí n yọ ògiri?"

"Fi í sílẹ̀," ni bàbá wí. "Ó ní ẹni tó ni ín."

Ọmọ na ìwé sí i, bàbá fa ìlà sí èyí tó kù. Ọmọ ká ìwé náà sínú báàgì rẹ̀.

"Àwọn ọmọ á bínú. Wọ́n ti ń retí yín."

"Kí wọ́n wá bá mi níhìn-ín. Kí wọ́n fi ajá sílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lórí tábìlì, ó jókòó lórí àga ìwẹ̀, ó fọ eérú kúrò lójú ìlà. Ìṣẹ́gun ni, kì í ṣe Àbámẹ́ta, ó sì fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá di irin mú, ó dìde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ike tí ọmọ rẹ̀ kọ "Ọjọ́ kìn-ín-ní" sí jáde, ó gbé e kaná. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì gígé méjì ló jẹ, ó sì jẹ ẹ́ tán.