Orúkọ Tí Sàfúrátù Fò

Kí irùngbọ̀n mi re dànù bí irọ́ tó tó orí abẹ́rẹ́ bá wà nínú ìtàn yìí.

Sàfúrátù, tí àwa Yorùbá tó ń gbé Hamdalaye ní Ouagadougou dìbò yàn ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ wa, dìde nípàdé láti jíṣẹ́ oṣù fún wa. Ohùn obìnrin yìí ń dé Kossodo, ìpẹ̀kun ìlú lọ́hùn-ún, láìlo ẹ̀rọ! Ó kéde ìsọmọlórúkọ méjì, ó pín ìrẹsì fún àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ó wá ń kí àwọn ọmọ wa tó wà lójú ogun lórúkọ lórúkọ, bó ṣe máa ń ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ló gbọ́ pé Idrissa, ọ̀kan nínú wọn, ti kú. A kì í sì túfọ̀ ọmọ fún baba láwùjọ; àwọn àgbà ló ń lọ bá a nílé. Ó bá fo orúkọ náà.

Jìbírílù, bàbá Idrissa, tóun náà ti ṣe ológun rí, dìde.

"Sàfúrátù, o ò kí Idrissa mi."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ojú mi ló fò ó."

"D'accord, kò burú. Kí i báyìí."

"Idrissa, a kí ọ o, kí Ọlọ́run…" Ohùn tó ń dé Kossodo kò jáde mọ́.

Bàbá bọ́ fìlà. "Ó tó, ọmọ mi. Jókòó."

Hafeezah akọ̀wé wa ló dì í mú kó má ṣubú. Hafeezah yìí ń ta aṣọ ní àdúgbò Paspanga. Ẹ lọ bi í.