Bàbá Mi Kì í Ṣàdúrà

Ní Ẹ̀pẹ́ tí mo ti dàgbà, bí ènìyàn bá sín, wọ́n á ṣàdúrà fún un. Bí ó bá ra ìkòkò tuntun, wọ́n á ṣàdúrà sí ìkòkò. Bàbá mi nìkan ni kì í ṣe é, kì í sì í ṣe àmín sí ti ẹlòmíràn. Bí gbogbo ilé bá tẹ́wọ́, òun á ká ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, á máa wo òkè àjà bí ẹni tó ń wá ibi tí òjò ti ń jò.

Kì í ṣe pé kò mọ Ọlọ́run o. Ó mọ̀ Ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn gan-an ni wàhálà wa. Ẹ̀sìn mẹ́ta ló ti gbọ́wọ́ lé e lórí. Ilé olórìṣà ni wọ́n bí i sí. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ibẹ̀ da omi ìrìbọmi sí i lórí. Nígbà tó gba òmìnira tó padà sí Èkó, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ mùsùlùmí ló sọ̀kalẹ̀ sí, àwọn náà sì sọ ọ́ di mùsùlùmí. Ẹ̀gbọ́n yìí náà ló tọ́ mi nítorí ìyá mi ti kú, Ìyá Àgbà ni mo sì máa ń pè é. Nígbà tí àwọn òyìnbó fi ìbọn lé ọba wa kúrò l'Ékòó, ọkọ Ìyá Àgbà bá ọba lọ. Bàbá mi gbé mi kọ́rùn, ó tẹ̀ lé wọn, bẹ́ẹ̀ la ṣe di ará Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀gá tó ra bàbá mi ní Bàhíà, oníṣègùn àgbàlagbà kan, ló kó ọ̀rọ̀ àìṣàdúrà yìí sí i lórí. Ọkùnrin náà ní àwọn ìwé tó ti ilẹ̀ Faransé wá, tí àwọn àlùfáà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà. Bí bàbá mi bá ń fọ ìgò egbòogi, ọ̀gá á máa ka díẹ̀ níbẹ̀ sókè, á sì máa túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn ìwé náà wí ni pé Ọlọ́run kan ló dá ayé, ó fi òfin sínú rẹ̀ kó lè máa lọ fúnra rẹ̀, ó sì fún ènìyàn ní làákàyè láti fi mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Ó tán. Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, kò sì ní torí ẹkún ẹnikẹ́ni dá ìjì dúró. Bàbá mi gba èyí, ó gbé e mì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi nítorí rẹ̀.

Ìyá Àgbà nìkan ló mọ ibi tó ti ń dùn ún.

"Ọ̀gá rẹ tí làákàyè rẹ̀ pọ̀ tó yìí," yóò wí, "làákàyè ọ̀hún kò sọ fún un pé kò dáa kéèyàn máa ra ọmọ ọlọ́mọ bí?"

Bàbá mi á wúkọ́. "Kò tíì kàwé débẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà máa ń jókòó síwájú ilé wa létí ọ̀sà, wọ́n á máa tún àwọ̀n ṣe. Ààfáà àdúgbò wa máa ń wà níbẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó fẹ́ràn àríyànjiyàn ju obì lọ. Bàbá mi á ní gbogbo ẹ̀sìn tí òun ti gbà ló fẹnu kò lórí ohun méjì, pé Ọlọ́run wà àti pé ká má rẹ́ aládùúgbò ẹni jẹ. Ìyókù, ó ní, ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Lọ́jọ́ kan, ó nawọ́ sí àwọn ọkọ̀ tó wà létí omi.

"Ààfáà, ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀, ṣé ó ń bá ọkọ̀ lọ sójú omi ni? Ó ti gbẹ́ ẹ tán. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń wà á."

Ààfáà fọwọ́ ra irùngbọ̀n, ó ń ro èsì. Ìyá Àgbà tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé ló dá a lóhùn. "Tó bá ń jò ńkọ́? Ṣebí ọ̀dọ̀ ẹni tó gbẹ́ ẹ náà ni wọ́n ń wọ́ ọ padà sí?"

Ààfáà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́. Bàbá mi ní ẹja náà ti jóná, kò sì jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Kò dúró de ìgbà sàká kó tó fún opó ní ẹja. Ó máa ń gba ààwẹ̀ pẹ̀lú wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí Ìyá Àgbà sọ ni pé kò sẹ́ni tó máa dáná fún un lọ́sàn-án ni kò jẹ́ kó jẹun. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, títí di ìgbà tí mo fẹ́ lọ sílé ọkọ.

Ọmọ Ìkòròdú ni ọkùnrin tí mo fẹ́. Ó máa ń ti Èbúté Ìkòròdú kó ìkòkò àti ata wá sí ọjà Ẹ̀pẹ́, mo sì ti ra ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀ ju èyí tí ilé wa lè lò lọ. Àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tọrọ mi, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, àfi ìgbà tí ẹnì kan sọ fún ìyá rẹ̀ irú bàbá tí mo ní. Obìnrin náà ránṣẹ́ sí wa. Ó ní bí bàbá ìyàwó kírun, bí kò kírun, ìyẹn wà láàárín bàbá náà àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó tí bàbá rẹ̀ kò bá gbọ́wọ́ lé lórí, kó wúre fún, kò ní wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sílé òun.

N kò lè bá a wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá mi ni mo bá wí.

"Bàbá, kí ló máa ná yín? Ẹ kàn wí i lẹ́nu lásán."

Ó wò mí. "Ẹnu yìí náà ni mo fi ń sọ fún ọ pé mo fẹ́ràn rẹ. Ṣé o fẹ́ kí irọ́ wọ inú rẹ̀ ni?"

Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀ láìkí i, mo sì ń sunkún nídìí ààrò, mo ní èéfín ni.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Wọ́n so yìgì, ààfáà ṣàdúrà, ọkọ̀ Ìkòròdú ń dúró dè mí létí omi. Ó wá ku ti bàbá mi. Mo kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ mi dúró sí iwájú gan-an, ó ká ọwọ́ sáyà. Bàbá mi gbọ́wọ́ lé mi lórí.

"Mi ò ní ṣàdúrà," ó wí. Ìyá Àgbà fi gèlè bojú. "Ohun tí mo mọ̀ ni mo máa sọ. Ọmọ mi, Ọlọ́run ti fún ọ lójú, o sì fi ń ríran."

"Àmín!" ni gbogbo agbo ké.

Bàbá mi dúró. "Mi ò tọrọ nǹkan kan o. Mo ní ó ti ní ojú."

"Àmín!"

"Ó fún ọ lọ́wọ́ méjì tí iṣẹ́ kì í sú."

"Àmín, láṣẹ Ọlọ́run!"

"Ẹ̀yin ènìyàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àdúrà!"

"Àmín!" Ohùn ààfáà ló ga jù. Ìyá ọkọ mi náà ti tẹ́wọ́, ó ń ṣe àmín tọkàntọkàn. Ẹ̀rín ń pa mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i, mo sì ti gbé orókún kan nílẹ̀ láti dìde.

Ọwọ́ bàbá mi kò kúrò lórí mi.

"Ìyá rẹ kú nígbà tó ń bí ọ," ó wí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Gbogbo èdè tí wọ́n fi kọ́ mi ní àdúrà ni mo fi bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, mi ò bẹ̀bẹ̀ mọ́."

Ó gbójú sókè, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

"Mo mọ̀ pé O kì í dá sí i. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í, má jẹ̀ẹ́ kí èyí kú bí ìyá rẹ̀. Mo bẹ̀ Ọ́."

Àwọn tó ti ń ké àmín sí ojú àti ọwọ́ mi kò ṣe àmín sí èyí, ààfáà pàápàá la ẹnu sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé bàbá mi tún bẹ̀bẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kejì yìí. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú lórí mi, mo ní, "Àmín, Bàbá."