Ìyá Àgbà Tí Mo Sá Fún ní Ìkẹ́rẹ́

Ọjọ́ tí mo dá rìn kiri ìlú Ìkẹ́rẹ́ kò kúrò lọ́kàn mi rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira. Èmi àti ìyá mi wá láti Àgbàdo fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá mi ní lọ́la la óò lọ kí àbúrò ìyá òun, tí n kò rí rí. Nígbà tó sùn lọ́sàn-án, mo yọ́ jáde lọ wo ìlú.

Mo ń ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn lábẹ́ òkè, títí ìyá àgbà kan fi tẹjú mọ́ mi láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ké pé, "Ọmọ mi, yà sí ulé, wá jẹun!"

Gbọ́mọgbọ́mọ ni mo pè é. Mo bẹ́ sáré, ó ń sáré tẹ̀ lé mi. Mo gbọ́ tó ṣubú gbì lórí àpáta, ṣùgbọ́n n kò wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, òun gan-an la lọ bá lórí ẹní, wọ́n ti fi igi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun rí ọmọ kan tó jọ ẹ̀gbọ́n òun tó ti kú ni òun ṣe ń sáré. Nígbà tí ìyá mi lọ pọn omi, ó rọra bi mí pé, "Ṣé wàá wá jẹun báyìí?"

Kò fẹjọ́ mi sùn. Ẹsẹ̀ náà kò jinná dáadáa títí ó fi kú, èmi náà kò sì rí ẹnu sọ fún ìyá mi pé èmi ni ọmọ yẹn.