Orúkọ Tí A Kọ́kọ́ Wọ̀ Wò

Ọmọkùnrin méjì ni mo ti bí kí n tó lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò sì sí èyí tí wọ́n bi mí léèrè orúkọ rẹ̀ nínú wọn. Bàbá ọkọ mi, tí wọ́n ti kú báyìí, ló sọ àkọ́kọ́ lórúkọ. Pásítọ̀ ló sọ ìkejì. Èmi jókòó lórí ẹní, mo gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, mo ń ṣe àmín bí ẹni tí wọ́n háyà. Nígbà tí àwọn tó ń ya fọ́tò inú sọ fún mi pé obìnrin ló wà nínú èyí, mo sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, mo tún ìró mi ró, mo sì sọ fún ara mi pé ọmọ yìí kò ní jẹ́ orúkọ tí n kò fẹ́ràn.

Ohun tó wà nílẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, oyún náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà náà. Ta ni kò mọ orúkọ tí ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà ń jẹ́? Yétúndé. Ìyá ti padà wá. Kí n tó délé láti ibi tí wọ́n ti yẹ̀ mí wò, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti pè láti Ponyan. Ọkọ mi ni èmi ń pè é, bí ìyàwó ṣe ń pe ọmọ ilé, ó sì fi okun kí mi, bí a ṣe ń kíra wa lágbègbè wa.

"Ìyàwó, okun o! Mo gbọ́ pé ìyá wa ń bọ̀."

"Okun o, ọkọ mi. Mọ́tò wo ni wọ́n wọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó rò pé eré ni mò ń ṣe.

Kì í ṣe pé mo kórìíra ìyá náà. Obìnrin dáadáa ni, àfi ti ọbẹ̀ mi tí kò dùn lẹ́nu wọn rí fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ló ń bà mí lẹ́rù. Òun náà dé lẹ́yìn ikú ìyá bàbá wa ní Kabba níbí, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì fún un. Láti kékeré ni àwọn àǹtí wa ti ń kúnlẹ̀ kí i. Bí ó bá jí ẹran nínú ìkòkò, wọ́n á ní ìyá fẹ́ràn ẹran nígbà ayé wọn, wọ́n á wá na èmi pé n kò ṣọ́ ìkòkò. Ẹ ó ní ọmọ náà ń gbádùn. Ó dàgbà, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, bàbá wa ní, "Ìyá wa kò ránṣọ rí. Àgbẹ̀ ni wọ́n." Bí ó bá dákẹ́, ìyá ló ń bínú. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìyá ni. Ó ti lé lógún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó rí òun fúnra rẹ̀. Èmi kò ní lóyún oṣù mẹ́sàn-án kí àwọn ènìyàn wá máa wá òkú lójú ọmọ mi.

Òkìrìkà ni mò ń tà ní ọjà Kabba, pàápàá aṣọ ọmọdé. Ohun tí òwò náà kọ́ mi ni pé aṣọ tó rẹwà lọ́wọ́ lè burú lọ́rùn. N kì í jẹ́ kí oníbàárà mi gbé e lọ láìjẹ́ pé ọmọ wọ̀ ọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un, ẹ jẹ́ kó rìn, kó bẹ̀rẹ̀, kó sunkún díẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi, bàbá àwọn ọmọ mi, ti Iyara dé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, tó yọ ìwé kan tó ti to orúkọ sí láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ní kó ká ìwé rẹ̀, mo mọ bí ìwé kíkà mi ṣe kéré tó. Kó mú ọ̀kan, kí a wọ̀ ọ́ wò.

"A ṣe ń wọ orúkọ wò?"

"Láti ọjọ́ ọjà kan dé èkejì, orúkọ yẹn ni gbogbo wa á máa pe inú mi. Bí ó bá sú èmi tàbí ìwọ kí ọjà tó pé, a dá a padà."

"Ẹni tó bá sú á ṣàlàyé?"

"Kò sí àlàyé. Oníbàárà mi kì í ṣàlàyé."

Ó wò mí tòkè-tilẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọkùnrin, ṣé bí o ṣe ń fi ọgbọ́n ta ṣòkòtò tó ti ya nìyí?"

"Ìwọ sáà mú ọ̀kan."

Vanessa ló mú. Ìyá mi gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí a jọ̀ọ́, eyín iwájú àwọn kò dúró dáadáa. Ọjọ́ méjì péré ló lò. Èmi mú Ajíkẹ́ wá. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ mi ní gbogbo ìgbà tí òun bá pè é, ìyá arúgbó kan tó ń fẹ́ ata ni òun ń rí. A dá a padà. Ó mú Olúwadámilọ́láre. Mo ní títí a ó fi pe èyí tán, ọmọ á ti kó sínú iná. Ó ní ta ló ní kó sún mọ́ iná? A jà lórí iná tí kò sí níbì kankan fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Àwọn ọmọ pín sí méjì, ọ̀kan ń gbè bàbá, ọ̀kan ń gbè mí.

Ṣùgbọ́n mo kíyè sí nǹkan kan. Gbogbo orúkọ tó ń jáde lẹ́nu ọkọ mi, kò mẹ́nu ba Yétúndé. Mo rò pé ẹnu mi ló ń bẹ̀rù, pé ó ń dúró de ọjọ́ ìkómọ kó tó gbé e jáde. Lọ́jọ́ kan tí a ṣí béèlì aṣọ tuntun kan, tó ń bá mi ṣa aṣọ tó ya sọ́tọ̀, mo bi í gbangba.

"Bàbá wọn, ṣé o fẹ́ kí n bí ìyá rẹ fún ọ?"

Ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún tú u. "Èmi ni mo gbé wọn sọ̀kalẹ̀ sínú sàréè," ó ní. "Mo mọ ibi tí wọ́n wà. Ṣé èmi ni n ó wá máa pariwo lé ìyá mi lórí pé kó lọ fọ abọ́? Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ inú mi ta mí nípàá. Ọkùnrin tí mo ti ń bá jà nínú ọkàn mi láti oṣù mélòó kan wá, ẹ̀yìn mi ló dúró sí!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ orúkọ kan, kúkúrú, tí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé rẹ̀. Ohun tí orúkọ náà ń sọ ni pé a ti rí ẹni tí a ó máa kẹ́. N kò ní dá a níhìn-ín. Ọmọ ló ni ín, kò sí nínú ọjà tí mò ń pàtẹ. Mo ní kó tún un pè. A wọ̀ ọ́ dé ọjọ́ ọjà, kò sú wa. A wọ̀ ọ́ dé ọjà kẹta. Àwọn ọmọkùnrin ń kó ẹnu sí ìdodo mi, wọ́n ń pè é bí ẹni ń pe fóònù. Mo sọ fún bàbá wọn pé ọjà ti tà.

Ó ku ọjọ́ ìkómọ. Nílé ọkọ mi, agolo kan wà tí wọ́n tọ́jú kọ́bọ̀ àtijọ́ sí, èyí tí kò ra nǹkan kan mọ́. Wọ́n á gbé abọ́ omi sí àárín ilé, ẹni tó bá ní orúkọ fún ọmọ á ju kọ́bọ̀ kan sínú omi, á pe orúkọ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè jù ú, ṣùgbọ́n èyí tí bàbá ọmọ bá pè ni ọmọ ń jẹ́, ẹ̀bùn ni ìyókù. Bí bàbá bá dákẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀ tó dàgbà jù á pè é dípò rẹ̀. Ẹ sì ti mọ ẹni tó dàgbà jù.

"O ò ní dákẹ́?" mo bi í.

"N kò ní dákẹ́."

Mo bímọ, ara mi sì le. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti Ponyan dé pẹ̀lú iṣu tó kún bùùtù mọ́tò. Kò tíì kí mi, ó ti kúnlẹ̀ níwájú ọmọ.

"Ìyá mi, ẹ kú àbọ̀ o. Ọ̀nà ńkọ́?"

Ọmọ mi yán.

"Ẹ wò ó! Bí wọ́n ṣe máa ń yán gan-an nìyẹn!"

"Ọkọ mi, bí gbogbo ọmọ ènìyàn ṣe ń yán nìyẹn."

"Ìyàwó, dákẹ́. O ò mọ ìyá mi."

Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, ilé kún. Pásítọ̀ gbàdúrà tán, ó ní kí bàbá ọmọ bọ́ síwájú. Ọkọ mi mú kọ́bọ̀, ó dìde, ó la ẹnu. Ó wá gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọjú sí i, pẹ̀lú ìró ìyá wọn, èyí tí òkú náà máa ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi bú sẹ́kún.

Gbogbo ilé ń wí pé, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́." Mo rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ki ọwọ́ bọ inú agolo.

Mo dìde lórí ẹní. Mo fi apá kan gbá ọmọ mọ́ra, mo ki ọwọ́ kejì bọ inú agolo kan náà, ọwọ́ wa kọ lura níbẹ̀, mo sì sọ kọ́bọ̀ temi sínú omi.

Àgbà kan nínú ẹbí wọn ní, "Ìyàwó, ìyá ọmọ kì í ṣáájú."

"Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣáájú nínú yàrá ìbímọ, kò sì sí ẹni tó ní kí n dúró."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Pásítọ̀ wo inú Bíbélì rẹ̀. Mo pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo yíjú sí ọkọ mi. "Bàbá wọn, ó kàn ọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó ju kọ́bọ̀ rẹ̀, ó sì pe orúkọ kan náà sókè débi pé ewúrẹ́ tó sùn lẹ́nu ọ̀nà dìde. Àwọn ọmọkùnrin gbè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ju tirẹ̀, ó fi ohùn kékeré pe Yétúndé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í kọ ẹ̀bùn.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ń jẹun, ó bá mi nínú ilé ìdáná.

"Ìyàwó, kí ni ìyá mi ṣe fún ọ?"

"Wọn kò ṣe mí ní nǹkan kan, àfi ti ọbẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọkọ mi, oko ni wọ́n ṣe títí ẹ̀yìn wọn fi tẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sinmi. Ẹ wá ní kí wọ́n tún padà wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrákòrò?"

Ó mú abọ́ kan, ó fọ̀ ọ́ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. "Ọ̀dọ̀ mi ni mo fẹ́ kí wọ́n padà sí," ó ní. "Ilé ti tóbi jù fún mi."

Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

"Bí ó bá wá kí yín ní Ponyan, ẹ pè é bí ẹ bá ṣe fẹ́. Ní Kabba, ó ní orúkọ."

"Ṣé o ń bá mi ná ọjà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o."

Ó wo ojú ọmọ náà pẹ́. "Mo gbà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó ń yán bí ìyá mi."

Lẹ́yìn oṣù kan, a gbé e lọ síbi tí ìjọba ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Bàbá wọn ń pe lẹ́tà fún akọ̀wé, èmi fara ti tábìlì, mò ń fi ojú bá bírò lọ. Mo ní kí akọ̀wé kà á sókè. Ó kà á. Mo ní kó tún un kà.

"Màdáámù, mo ti kọ ọ́."

"Mo rí i. Tún un kà."

Ó tún un kà. Ó ní, "Orúkọ mìíràn ńkọ́? Ààyè ṣì wà."

Ọkọ mi yíjú sí mi. Èmi ń wo akọ̀wé náà títí ó fi fa ìlà gbọọrọ sínú ààyè náà, tó sì bi mí ní ọjọ́ tí mo bí i.