Sọ fún Bàbá Ẹ

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ni ìyá mi bá bàbá mi sọ̀rọ̀ tààrà kẹ́yìn. Mo rántí àsìkò náà nítorí pé bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrun Jímọ̀ dé ni, wọn ò sì tíì pe ìrun Láásárì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Lálúpọn là ń gbé. Bàbá mi ń dáko ẹ̀gẹ́, ìyá mi ń yan gàrí.

Bàbá mi mú ọ̀rẹ́ wọn kan wálé lọ́jọ́ náà. Ìyá mi gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá síwájú wọn. Ọbẹ̀ náà ṣàn díẹ̀, mi ò lè sọ pé kò ṣàn. Bàbá mi wò ó, wọ́n ní, “Alájì, ẹ má bínú o. Omi ìfọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, ọbẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.”

Àlejò náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kúnlẹ̀ gbé abọ́ tó ṣófo, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun,” wọ́n sì jáde.

Nírọ̀lẹ́, a jókòó sí pálọ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí bàbá mi bá na ọwọ́, ọwọ́ wọn á kan ìyá mi. Èmi ni ìyá mi kọjú sí.

“Sọ fún bàbá ẹ pé omi ìfọwọ́ wọn ti délẹ̀ o.”

Mo yíjú. “Bàámi, oúnjẹ yín ti délẹ̀.”

“Sọ fún ìyá ẹ pé mo gbọ́.”

“Màámi, wọ́n ní àwọn gbọ́.”

Bí odì náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mi ò gbà pé gbólóhùn kan péré ló fà á. Ó ní láti jẹ́ pé ohun mìíràn ti wà nílẹ̀ tí ojú mi ò tó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, mi ò sì ní í fi àròsọ dí àlàfo náà. Nígbà tí àwọn ẹbí wá bẹ̀bẹ̀, ohun tí ìyá mi sọ ni pé, “Ìjà wo? Ṣé ẹ gbọ́ ariwo nílé yìí ni?” Òótọ́ ni, kò sí ariwo. Ìyá mi ń fọ aṣọ bàbá mi, wọ́n ń lọ̀ ọ́. Nígbà tí atẹ́gùn ká páànù orí ibi tí ìyá mi ti ń yan gàrí, bàbá mi ló gun òkè lọ kàn án padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kú láàárín wọn.

Obìnrin kan tó múlé tì wá sọ mí lórúkọ. Bí mo bá ti ń kọjá, á ní, “Agbẹnusọ! Kí ni ilé ìgbìmọ̀ ní kó o kéde lónìí?” Inú mi máa ń dùn. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń yọ egungun inú ọ̀rọ̀ kí n tó jẹ́ ẹ. Nínú “omi ìfọwọ́ wọn ti délẹ̀”, ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ni mo máa ń mú dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, mo rò pé odì náà á parí nítorí pé kò sí ẹni tí wọ́n máa rán mọ́. Fóònù ni wọ́n fi rọ́pò ìrìn mi. Ìyá mi á pè mí láti ilé ìdáná, “Sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀.” Èmi náà á ti Ìbàdàn pe bàbá mi tó wà ní pálọ̀. Àwọn tá a jọ ń gbé yàrá máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ọmọbìnrin kan tá a jọ kàwé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ìtàn náà fún un. Erúnmu ni ilé wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn tá a kàwé tán, a fẹ́ ṣègbéyàwó.

Lọ́jọ́ kan tá a jọ ń lọ sílé wọn, awakọ̀ bi mí níbi tí màá ti sọ̀. Kí n tó dáhùn, ọmọbìnrin náà ló bá mi dáhùn pé, “Ẹ má bi í o. Á kọ́kọ́ rò ó títí ọkọ̀ á fi kọjá ibẹ̀.” Gbogbo èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi.

Nígbà tá a délé wọn, àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé omi wá. Àfẹ́sọ́nà mi fúnra rẹ̀ bù ú, ó nà án sí mi. Mo kọjú sí àbúrò rẹ̀.

“Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé òùngbẹ ò gbẹ mí.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé omi náà sílẹ̀. Ó sìn mí dé ibi tí mo ti fẹ́ wọ ọkọ̀, ó wá ní,

“Ṣé o mọ ohun tó o ṣe?”

“Kí ni mo ṣe?”

“Mo jókòó tì ẹ́. Orúnkún mi kan tìẹ. Tá a bá bímọ, ṣé òun lo máa máa rán sí mi?”

Mo ń wo títì bóyá ọkọ̀ ń bọ̀.

“Má tíì dá mi lóhùn. Ọjọ́ tó o bá lè fi ẹnu ara ẹ bá mi jà, kó o wá. Má rán ẹnikẹ́ni.”

Mi ò lọ, mi ò sì pè é. Mo ń sọ fún ara mi pé mò ń ro ọ̀rọ̀ tí màá sọ ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí nílé wa náà nìyẹn, kò sí ariwo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, bàbá mi pè mí. “Bá mi pe ìyá ẹ. Bi í bóyá ara ẹ̀ ti yá díẹ̀. Kò tíì jáde.”

Mo pe ìyá mi. Kò sẹ́ni tó gbé e. Mo pe bàbá mi padà.

“Fóònù ẹ̀ dún ní yàrá níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ.”

“Bàámi, ẹ ṣílẹ̀kùn.”

“Kí n ní kí ni mo wá ṣe?”

“Bàámi, ẹ ṣáà wọlé.”

Mo gbọ́ ìró ìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí bàbá mi fi orúkọ mi pe ìyá mi, ìyá lágbájá, bí wọ́n ṣe máa ń pè wọ́n kí odì tó dé. Wọ́n tún un pè. Ìyá mi kò dáhùn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà sọ. Mi ò lè sọ pé odì ló pa ìyá mi. Ohun tí mo lè sọ ni pé bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó wọn, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa ní àwọn wá ṣe.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ mẹ́jọ, mo gun ọ̀kadà lọ sí Erúnmu. Bàtà ọmọbìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ ọ́n, òwú búlúù ni ṣúmékà fi rán tòsì. Àbúrò rẹ̀ ló jáde.

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò sí nílé.”

Ó sọ ọ́ tán kó tó fọwọ́ bo ẹnu. Ní ìgbà mìíràn, ǹ bá rẹ́rìn-ín.

“Sọ fún un pé” ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo kọjú sí fèrèsé.

“Èmi ni. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. O fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú èrò, ó sì dùn mí. Inú ọkọ̀ níbẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ fún ẹ. Màámi ti kú. Mi ò fẹ́ kí tiwa rí bí tiwọn.”

Ọmọ náà ń wò mí, ó ń wo fèrèsé, ó ń dúró de ẹni tó máa rán an. Kò sẹ́ni tó rán an.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ yàrá ẹ̀yìn ló wà. Mo dúró títí wọ́n fi pe ìrun Láásárì ní mọ́ṣáláṣí tó wà lódìkejì títì. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, bàtà náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.