Ọfọ̀ Tí Ràbí Ni

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo mọ ọfọ̀ kan tó lè pa gbogbo ayé run. Kì í ṣe pé ẹnì kan fi kọ́ mi lábẹ́lẹ̀. Nínú eré ni mo ti mọ̀ ọ́n, lábẹ́ igi, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀ àti òrí lẹ́nu. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Òkè-Ògùn, nígbà tí wọ́n ṣì ń kó wa lọ sí oko bí ilé ìwé bá ti gba ọlidé ọyẹ́, ẹ óò mọ irú eré tí mò ń wí. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni ohun tó ti inú rẹ̀ jáde, nítorí n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. N kò ní dárúkọ abà wa. Ẹ jẹ́ kí n kàn wí pé ẹ̀yìn Àgọ́-Àmọ́dù ló wà, àti pé ẹsẹ̀ la fi ń rìn débẹ̀ láti títì.

Ilé ìwé wa wà ní Ṣakí. Bí wọ́n bá ti tì í, èmi àti Sìkírá àbúrò mi di ará oko nìyẹn. Ọyẹ́ ìgbà yẹn kì í ṣe kékeré. Ètè á là, gìgísẹ̀ á là, a óò sì fi òrí ra gbogbo ara títí a ó fi máa dán bí ìkòkò tuntun. Láàárọ̀ a ń lọ pọn omi nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí àárín odò tó ti gbẹ. Bí a bá dé, a óò pa ọkà bàbà títí èérún rẹ̀ yóò fi máa yún wa lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni iṣu sísun á dé, tí wọ́n ti ha dúdú ara rẹ̀ kúrò, a óò máa fi òrí jẹ ẹ́, òrí náà á sì máa ṣàn dé ìgúnpá wa. Ẹni tó bá fi ọwọ́ nu aṣọ, ọmọrogùn ìyá mi ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ràbí ló ni eré náà. Opó ni ìyá rẹ̀. Ó ń bá wa ṣe òrí lábà, wọn kì í ṣe ẹbí wa. Èmi àti Ràbí jọ wà ní kíláàsì kan, ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí tirẹ̀ kò sí lórí tèmi. Yóò fi igi ya ìlú sílẹ̀: ààfin, ọjà, odò, igbó tí iwin ń gbé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa yóò mú ẹni tí yóò jẹ́. Èmi ni ọdẹ. Sìkírá ni ọba, nítorí kì í gbà láti jẹ́ nǹkan mìíràn. Ràbí fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ ẹnikẹ́ni, òun ló ń sọ ohun tó dé bá wa. Yóò ní, “Ọdẹ, o dé etí odò, afárá ti wó. Kí lo fẹ́ ṣe?” Èmi á sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, n óò sì da kóró òrí mẹ́rin sílẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ kan kóró òrí a máa dán, ẹ̀gbẹ́ kejì a rí ṣákiṣàki. Iye ṣákiṣàki tó bá yọjú ni yóò sọ bóyá mo là á já tàbí omi gbé mi lọ.

Oríṣiríṣi ọfọ̀ ló wà nínú eré náà, ti ìwòsàn, ti ìfarapamọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí Ràbí pè ní Àjókù-Kò-Sí. Ẹni tó bá fẹ́ pè é gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí wa. Àfi bí kóró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yọ ṣákiṣàki kó tó jẹ́. Bó bá sì jẹ́, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ́kù nínú eré, títí kan ẹni tó pè é. Ọjọ́ méjì ni Ràbí fi ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ń kùn ún sínú bó ti ń ru omi bọ̀:

Ọyẹ́ ló gbẹ koríko, koríko ò bá ọyẹ́ jà.
Iná kì í bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ìgbẹ́.
Ohun tí mo kọ́, kó wó; ohun tí mo gbìn, kó jó;
Èmi tí mo wí i, kí n má ṣẹ́kù.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ṣe èyí. Bí mo bá rántí rẹ̀, orí mi á wú, lẹ́yìn náà inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí, iwin ti ká ọdẹ mi mọ́. Kóró mi kò ṣe dáadáa láti àárọ̀. Ràbí bi mí bóyá mo fẹ́ kú ni tàbí mo fẹ́ bẹ iwin. Mo ní n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo pe Àjókù-Kò-Sí, mo da kóró sílẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ ṣákiṣàki. Sìkírá bú sẹ́kún pé mo ti pa òun. Ràbí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó wá mú ìgbálẹ̀, ó gbá ìlú náà kúrò, tààfin tọjà tigbó. Ó ní ayé ti tán, ẹ lọ pọn omi.

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé korobá. Lójú ọ̀nà odò ni mo ti rí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí abà, òun àti ọkùnrin méjì pẹ̀lú kùmọ̀ àti ajá. Òyà ni wọ́n fẹ́ lé jáde. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ la ilẹ̀ yí ìgbẹ́ náà ká, wọ́n á ránṣẹ́ sí gbogbo abà, wọ́n á dúró kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí wọ́n tó finá sí i. Bàbá Àgbà kò la nǹkan kan. Oòrùn wà ní àtàrí. Mo rí i tó ṣá ìṣáná, tó bẹ̀rẹ̀, tó fi kan koríko. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó juwọ́ sí mi pé kí n máa lọ.

Korobá mi kò tíì kún tí afẹ́fẹ́ fi yí padà sí ọ̀nà abà. Ariwo iná náà dà bí òjò ńlá tó ń bọ̀ lókèèrè. Mo sáré gba inú iná náà kọjá nítorí Sìkírá. Àpá rẹ̀ wà lójúgun mi títí dòní, ìdí nìyẹn tí n kì í fi wọ aṣọ tó mọ lórúnkún. Nígbà tí mo dé, Ràbí ti pọn Sìkírá sẹ́yìn. Òun ló ní kí gbogbo wa wá sí ibi tí wọ́n ti ń se òrí, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ roro, koríko kan kò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ la dojú bolẹ̀ sí, tìyá tọmọ, tí iná fi kọjá lọ. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́fà jó, àká ọkà bàbà jó, iṣu tí a ó jẹ títí di òjò jó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ eérú, wọ́n ń bèèrè ibi tí iná ti wá. Bàbá Àgbà kò sọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin méjì náà ń wo ilẹ̀. Sìkírá, ọmọ ọdún méje, ló sunkún wí pé Àjókù-Kò-Sí ni, ọfọ̀ Àjókù-Kò-Sí ló jẹ́. Ni Bàbá Àgbà bá gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n ju okùn sí nínú kànga. Ó ní kí Sìkírá wí ọfọ̀ náà kí òun gbọ́. Ó wí i. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe Ọlọ́run.

Bàbá Àgbà béèrè pé, “Ta ló ni ín?”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò béèrè ẹni tó pè é. Ta ló ni ín ló wí. Létí àgbà, ẹni tó ni ọfọ̀ ni ẹni tí agbára rẹ̀ ń bẹ lára rẹ̀. Létí ọmọ kíláàsì karùn-ún, ẹni tó ni nǹkan ni ẹni tó ṣe é. Ràbí dìde, eérú kún ojú rẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀, lọ́jọ́ burúkú yẹn, pé àwọn àgbà gbọ́ iṣẹ́ òun.

“Èmi ni mo ni ín, bàbá.”

Wọ́n fi ata sí i lójú kó lè dárúkọ ẹni tó fún un. Wọ́n fi àtòrì nà án. Ó ń ké pé kóró òrí ni, pé eré ni. Ó wo ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì kí ojú rẹ̀ tó dí, kò sì dárúkọ mi. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ dákun, ẹnu ọmọdé ni.”

Bàbá Àgbà dá a lóhùn pé, “Ẹnu ọmọdé tó jó ilé mẹ́fà, ẹnu àgbà ni.”

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí bóyá mo rí nǹkan kan lọ́nà odò. Mo ní, “Rárá o, bàbá.” Ọmọdé ni mí, òótọ́ ni. Ẹ̀rù bà mí, òótọ́ ni. Mo ti ń fi ìyẹn rẹ ara mi lẹ́kún láti ìgbà náà, kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́ta tó mọ ẹni tó ṣáná ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló ń lọ ata.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ràbí àti ìyá rẹ̀ gbẹ́rù, wọ́n gba ọ̀nà Ìwéré-Ilé lọ. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, tíṣà pe orúkọ rẹ̀ ní àárọ̀ mẹ́ta, kò rí ẹni dáhùn, ó fa igi lé e. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bàbá Àgbà ní tirẹ̀ pẹ́ láyé. Nígbà tó kú, wọ́n pa màlúù, wọ́n sì ní kò sí ẹni tó tọ́jú ẹbí bíi tirẹ̀. Mo jẹ nínú ẹran náà. Ìyẹn náà ń bí mi nínú.

Lónìí, ọmọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe eré kan ní pálọ̀ mi. Dáìsì tí wọ́n ń dà dípò kóró òrí ní ojú ogún, ìwé eré náà sì ti òkè òkun wá. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ń sọ ohun tó dé bá àwọn yòókù, àwọn yòókù sì ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan nínú wọn pe ọfọ̀ kan, ó da dáìsì, gbogbo wọn sì hó yèè pé ayé ti parẹ́. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo pọ́fù-pọ́fù lọ́wọ́. N kò mọ ìgbà tí mo béèrè pé, “Ta ló ni ín?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. “Èmi ni, mà. Èmi ni mo kọ ọ́ fúnra mi.”

Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní orí rẹ̀ pé, wọ́n fún un ní pọ́fù tó tóbi jù.

Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń wí pé ayé ìgbà yẹn dára ju ti ìsinsìnyí lọ, pé àtòrì ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. Iṣu ìgbà yẹn dùn jù lóòótọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo rí ẹni tó mú àtòrì náà lọ́wọ́, mo sì mọ ohun tó ń fi í bò mọ́lẹ̀. Mò ń kọ èyí bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ Bàbá Àgbà wà láyé, wọ́n sì mọ ilé mi. Bí Ràbí bá wà níbì kan, kí ẹnì kan kà á sí i létí. Ràbí, ìwọ lo ni ín. Èmi ni mo pè é. Bàbá Àgbà ló ṣáná.